Ọmọ tí Mo Gbé lé Ìyá Ọkọ Mi Nítan

Ilé ìyá ọkọ mi wà létí òkè, ní ìlú kékeré kan tó kọjá Shillong, ní ìlà-oòrùn àríwá India. Lọ́jọ́ tí a débẹ̀, bí mo ṣe bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọmọ mi, mo gbé e lé obìnrin náà nítan. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn méjèèjì máa rí ara wọn láìsí gíláàsì fóònù láàárín wọn.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn. Ìyàwó kì í na ọmọ sí ìyá ọkọ lóòró bí ẹni ń na báàgì. O máa kúnlẹ̀, o máa gbé ọmọ lé wọn lọ́wọ́, o máa ní, "Mummy, ọmọ yín rèé," wọ́n á gbà á, wọ́n á ki oríkì rẹ̀, wọ́n á fọwọ́ gbá ẹ lẹ́yìn pé o ṣeun. Èmi náà sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ mi sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn.

Kò sẹ́ni tó ki oríkì kankan. Àwọn obìnrin àdúgbò bíi mẹ́fà ló jókòó síbẹ̀ tí wọ́n wá wo àlejò, ariwo ni wọ́n sì ń pa tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Ìyá ọkọ mi wo ọmọ, ó wo èmi tí mo ṣì wà lórí orúnkún, ó wá béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ohùn kékeré. Ọkọ mi dá a lóhùn ní gbólóhùn kan péré. Obìnrin náà la ẹnu, mo sì rí i pé inú ẹnu rẹ̀ pupa, àti eyín àti ahọ́n, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ tán. Ó fa aṣọ kan lórí àga, ó pọn ọmọ mi, ó so aṣọ náà kọjá èjìká kan, ó dìde.

Kò gbé e kalẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kí n tó kúrò ní Peckham ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Nọ́ọ̀sì ni ọkọ mi. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ la ti pàdé. Ìyá mi fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó ń jẹ ata jù wá lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ pé a fẹ́ gbé ọmọ lọ kí ìyá rẹ̀, ìyá mi sáré lọ bá àǹtí kan ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ, àǹtí tó máa ń ríran. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mo rí èéfín funfun," àǹtí náà wí. "Mo rí ọmọ yìí lẹ́yìn obìnrin tí kì í ṣe ìwọ. Ó ń pọ̀n ọ́n lọ. Ò ń pè é, kò bojú wẹ̀yìn."

"Ẹ bá mi sọ fún un," ìyá mi wí. "Èmi ti sọ, sọ, ẹnu ti bó mi."

"Àǹtí, ṣé kí n má lọ ni?"

"Mi ò ní kí o má lọ. Ẹ̀mí ò sọ bẹ́ẹ̀. Gba omi àdúrà yìí dání."

"Wọ́n á dà á nù ní Heathrow, ma."

"Nígbà náà, mu ún tán kí o tó débẹ̀!"

Èmi àti àǹtí rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Mo mu omi náà nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Catford, mo mu ún títí dé ìsàlẹ̀ ìgò, mo sì rò pé ó ti tán níbẹ̀.

Inú bàálù ni ọ̀rọ̀ náà ti padà wá bá mi. Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀ ìlú wọn fún mi, inú rẹ̀ ń dùn.

"Lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ilé ìyá lọmọ ń jẹ́," ó ní. "Àbíkẹ́yìn obìnrin ló ń jogún ilé. Òun ló ń tọ́jú iná àdìrò, òun ló ń sin òbí."

"Ẹ̀yin ọkùnrin ńkọ́?"

"Àwa? Àlejò ni wá."

"Ta ló máa wá jogún ilé ìyá ẹ? Ọkùnrin mẹ́ta péré ni wọ́n bí."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní bí kò bá sí ọmọbìnrin, ilé máa bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá òun, àfi tí wọ́n bá gba ọmọbìnrin kan wọlé kó di tiwọn.

"Kí wọ́n gbà á báwo?"

"Kí wọ́n gbà á ṣọmọ. Ayé àtijọ́ nìyẹn. Sùn díẹ̀, jàre."

Mi ò sùn. Ọmọbìnrin wà nítan mi, ó ń fa bẹ́líìtì ìjókòó jẹ, àwa sì ń gbé e lọ sílé tí wọ́n ti ń wá ọmọbìnrin.

Láti Guwahati, mọ́tò la wọ̀ gun òkè náà, ó sì gbà wá tó wákàtí márùn-ún. Ọ̀tún òkúta, òsì òfìfo. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Omi ń já bọ́ láti orí àpáta bí okùn òwú, ìkùukùu sì wà nísàlẹ̀ wa, kì í ṣe lókè. Awakọ̀ ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó ń fi ìkejì bó ọsàn. Nígbà tí mo pariwo, ó yíjú sẹ́yìn pátápátá kó lè fún mi ní apá kan nínú ọsàn náà.

Ọkọ mi ṣàlàyé ẹnu pupa fún mi. Èso kan bí obì ni, wọ́n ń fi ewé wé e pẹ̀lú ẹfun díẹ̀, òun ni wọ́n fi ń gba àlejò. Lọ́jọ́ kejì, mo jẹ ẹ́ kí n lè ṣe bí ìyàwó ilé gidi. Orí mi gbóná, àyà mi ń lù kì-kì-kì, òógùn bò mí, mo di ògiri mú. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ìyá ọkọ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan iwájú orí mi, ó tọ́ka sí bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé ọmọ.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́rin péré ló gbọ́, "sinmi" sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí mo bá dìde láti wẹ ọmọ, ó ti wẹ̀ ẹ́. Bí mo bá po oúnjẹ rẹ̀, ó ti ń fi ìka bọ́ ọ ní ìrẹsì, ọmọ tó jẹ́ pé n kò rí i kó la ẹnu fún mi rí láìjẹ́ pé mo kọrin, mo jó. Bí mo bá na ọwọ́, obìnrin náà á rọra gbá ọwọ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: sinmi, sinmi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí mo gbé ọmọ mi lóòjọ́. Ọjọ́ kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ kẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n kàn gbé e fún mi láti mu ọmú ni.

Ọjọ́ kẹrin yẹn ló gbé àpótí kékeré kan jáde. Iyùn ló wà nínú rẹ̀, ńlá ńlá, wọ́n sín in pọ̀ mọ́ wúrà. Mo mọ iyùn. Ìyá ìyá mi ní ẹyọ kan péré, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Obìnrin náà fi tirẹ̀ wọn ọmọ mi lọ́rùn, ó balẹ̀ dé ìdodo rẹ̀. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó wá bojú wo èmi, ojú rẹ̀ kún fún nǹkan kan tí mi ò lè kà, ó sì yára kó iyùn náà padà sínú àpótí.

Mo bá ọkọ mi lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń la igi.

"Kí ni ìyá ẹ ń fi iyùn wọn ọmọ mi lọ́rùn fún?"

"Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ni."

"Ìfẹ́ wo ni ò ní jẹ́ kí n gbé ọmọ mi?"

"Ìwọ náà ẹ̀! Ní Peckham, ò ń bẹ gbogbo ayé kí wọ́n bá ẹ gbé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún."

Àwàdà ló ń ṣe. Ó gún mi lọ́kàn, torí pé ó mọ nǹkan tó ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde. Ojú ọgbẹ́ náà ò tètè jinná, mi ò lè pọn ọmọ, inú kẹ̀kẹ́ ọmọ ló ń wà, ìyá mi sì ń pè é ní ọmọ kẹ̀kẹ́. Kì í sùn. Èmi náà kì í sùn. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi lórí àtẹ̀gùn ilé wa, ìta ni mo jókòó sí, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tó ń ké nínú ilé. Mo sọ fún un pé, "Gbé e lọ fún ìyá ẹ. Mi ò lè ṣe é." Kò bá mi jà. Ó wọlé lọ gbé e. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wo àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ràn mí lọ́wọ́, dókítà fún mi lóògùn, ara mi yá díẹ̀díẹ̀. A ò tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ láàárín ara wa. Mo rò pé ó ti gbàgbé rẹ̀.

Ìyá mi pè lórí fóònù lọ́jọ́ kẹrin yẹn kan náà. "Pásípọ́ọ̀tù ọmọ dà?"

"Ó wà nínú báàgì mi, Mummy."

"Báàgì dà?"

"Ó wà láyà mi."

"Má bọ́ ọ sílẹ̀ o. Ṣé o ti rí èéfín kankan?"

"Rárá," mo ní. Nígbà yẹn, ojú ọ̀run ṣì mọ́.

Lọ́jọ́ kẹfà, ọkọ mi ní láti lọ sí Shillong torí ìwé kan tó fẹ́ gbà ní ọ́fíìsì ìjọba. Ìrọ̀lẹ́ ló máa tó dé. Mo ní kí n tẹ̀ lé e. Ó ní ọ̀nà náà á da ọmọ láàmú, ṣé mo ti gbàgbé bí mo ṣe pariwo? Mo dúró. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo fún ọmọ lọ́mú lórí bẹ́ẹ̀dì, òjò ń rọ̀ sórí páànù, oorun sì gbé mi lọ.

Nígbà tí mo jí, òjò ti dá. Ilé dákẹ́. Mo na ọwọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bẹ́ẹ̀dì ti tutù.

Mo wo yàrá kejì. Mo wo ibi àdìrò. Aṣọ ìpọ̀nmọ tó máa ń wà lórí àga ò sí níbẹ̀ mọ́. Àpótí iyùn wà lórí tábìlì, ó ṣí sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ṣí báàgì àyà mi: pásípọ́ọ̀tù wà níbẹ̀. Mo fẹ́ dúpẹ́, àmọ́ mo rántí pé ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ pamọ́ sórí òkè kan ò nílò pásípọ́ọ̀tù.

Mo ṣílẹ̀kùn. Kò sí ayé níta. Ìkùukùu ti gun òkè wá bá wa, ó funfun báláú, ó ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi bí èéfín. Èéfín funfun.

Mi ò wọ bàtà. Mo jáde, mo ń pe orúkọ ọmọ mi, ohùn mi ò lọ jìnnà, bí ìgbà tí èèyàn ń pariwo sínú ìrọ̀rí. Mo mọ̀ pé àfonífojì wà lápá òsì, mo ń gbọ́ omi tó ń já sínú rẹ̀, mi ò kàn mọ ibi tí ilẹ̀ ti parí. Mo ń fi àtàńpàkò ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kí n tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Mo ń ka Sáàmù, mo dé ibi "bí mo tilẹ̀ ń rìn láàárín àfonífojì," mi ò lè kà á síwájú. Mo pe fóònù ọkọ mi, kò wọlé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń yí nínú orí mi: ìwọ lo gbé e fún un. Kò sẹ́ni tó jí i gbé. O kúnlẹ̀, o gbé e fún un níwájú èèyàn mẹ́fà.

Obìnrin kan tó ń ta tíì lábẹ́ tapólì yọ sí mi lójijì. Ọ̀kan lára àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni. Mo ká apá mi bí ẹni gbé ọmọ, mo ń mì í. Ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà, ó ṣe háà, ó tọ́ka sí àtẹ̀gùn òkúta kan tó ń sọ̀kalẹ̀. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó fi fún mi. Mo sọ̀kalẹ̀, mo fi ìdí wọ́ ibòmíràn, òkúta náà ń yọ̀ bí ilá. Nísàlẹ̀, mo gbọ́ ikọ́. Ikọ́ ọmọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n nínú ẹgbẹ̀rún.

Ilé kan wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Iná ń jó láàárín yàrá. Ìyá ọkọ mi jókòó níwájú iná, ọmọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, iyùn wà nínú àwo lórí ilẹ̀. Bàbá arúgbó kan tó wọ síwẹ́tà jókòó kọjú sí i. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni, ọkọ mi ti júwe rẹ̀ fún mi: tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, àwọn àbúrò ìyá ló sì ń dá ẹjọ́ ilé lọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ gbé ọmọ mi fún mi," mo ní. Mi ò kí ẹnikẹ́ni.

"Jókòó," bàbá náà wí ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́ kedere. "Inú wa dùn pé o wá. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mọ̀ bóyá ò ń kú lọ."

"Sà?"

"Lọ́dọ̀ wa, obìnrin kì í gbé ọmọbìnrin rẹ̀ fún ẹlòmíràn, àfi tí ikú bá ń bọ̀. Ìwọ kúnlẹ̀, o gbé e fún un. Ó bi ọmọ rẹ̀ pé, 'Ṣé èmi ló fún?' Ọmọ rẹ̀ ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní tiyín ni.' Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ò sùn. O ò jẹun. O jẹ èso wa, o fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Ò ń gbá báàgì kan mọ́ àyà tọ̀sán-tòru. Ó ní oògùn àìsàn náà ló wà nínú rẹ̀."

"Pásípọ́ọ̀tù ni, sà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi, ẹ̀rín burúkú, mi ò lè dá a dúró, ó sì di ẹkún. Mo ṣàlàyé: ní ilé tiwa, bàbá ló ni ọmọ, ìyàwó tó bá na ọmọ sí ìyá ọkọ lóòró kò lẹ́kọ̀ọ́. Bàbá náà túmọ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ, ó mi orí, ó sọ nǹkan kan, kò wo ojú mi.

"Ó ní ó yé òun. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ òun ti pe òun rí láti London, ó ń sunkún. Ó ní o sọ pé kí wọ́n gbé ọmọ yìí wá fún òun. Ṣé o sọ ọ́?"

Mo ti rò pé ẹ̀rù tó wà níta ni ẹ̀rù tó tóbi jù.

"Mo sọ ọ́, sà," mo ní. "Mo sọ ọ́, tọkàntọkàn ni. Lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n bá wá gbé e, ǹ bá ti jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ."

Kò sẹ́ni tó bá mi wí. Bàbá náà fa igi kan sínú iná. Ó ní òun ò ní purọ́ fún mi, ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ ọmọ náà. Ilé tí kò ní ọmọbìnrin, iná rẹ̀ máa kú lọ́jọ́ kan. Ó ti fi iyùn wọ̀n ọ́n, ìtìjú sì mú un, ló ṣe kó iyùn àti ọmọ wá sọ́dọ̀ òun, kí òun sọ ohun tó tọ́.

"Ohun tó tọ́ ni pé a kì í gba ọmọbìnrin lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tipátipá," ó ní. "Nítorí náà, ìwọ ni mo ń bi. Ṣé o fún un?"

Ìyá ọkọ mi bojú wò mí nígbà náà. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ó yẹ kí n ní, gbogbo wa la jọ ni ín, Mummy, ẹ̀yin lẹ ni ín kí n tó ni ín. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Láyé mi, mi ò tíì jókòó níwájú ẹbí ọkọ kí n ní tèmi nìkan ni nǹkan kan. Ìyá mi ì bá fọ́ mi létí.

"Mi ò fún un, sà. Ọmọ mi ni. Mò ń gbé e padà sílé."

Obìnrin náà mi orí pé ó yé òun kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Ó yíjú sí iná. Ó wá kó iyùn inú àwo, ó dì í mọ́ ìdí aṣọ rẹ̀, ó dìde, ó dúró níwájú mi. Ó tú ọ̀já ọmọ. Ó fi ọwọ́ sọ fún mi pé kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mi ò tíì pọn ọmọ náà rí. Mo bẹ̀rẹ̀. Ó gbé e lé mi lẹ́yìn, ó fẹ́ so aṣọ náà kọjá èjìká mi bíi tiwọn, mo ní rárá, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dì í sábẹ́ apá, mo gbá a pọ̀ níwájú, mo fà á le bí mo ṣe ń rí i tí ìyá mi ń ṣe é fún àwọn ọmọ àbúrò mi. Ó wo ọ̀já náà, kò gbà á gbọ́. Ó ti ìka bọ abẹ́ rẹ̀, ó fà á wò. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì.

A gun àtẹ̀gùn náà padà nínú ìkùukùu. Ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ nínú sálúbàtà ẹlẹ́sẹ̀ kékeré, ojú ọgbẹ́ ikùn mi ń fà mí, ọmọ wúwo bí ìyà, ó ń mí èémí gbígbóná sí mi lọ́rùn. Ẹ̀yìn mi gan-an ni obìnrin náà wà, ó ń ka àtẹ̀gùn sókè lédè wọn, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lábẹ́ ìdí ọmọ, kò gbé e, kò sì mú un kúrò. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ onítíì, ìyẹn wo ọ̀já mi, ó rẹ́rìn-ín, ó sọ̀rọ̀ kan. Ìyá ọkọ mi dá a lóhùn ní kíkan, onítíì sì pa ẹnu mọ́.

Mi ò bi wọ́n pé kí ló wí. Mo fún onítíì ní sálúbàtà rẹ̀, mo sì ń bá ìrìn mi lọ láìwọ bàtà.